Ìtàn Àìná Ọnàbolú, ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi búrọ́ọ̀ṣì já irọ́ òyìnbó

Bí a bá rìn káàkiri ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí, láti ọjà títí dé ibùdókọ̀, ojú wa kì í kúrò lára àwòrán. Onígbàjámọ̀ ya orí èèyàn lóríṣiríṣi sára pátákó tó gbé sẹ́nu ọ̀nà, aránṣọ ya obìnrin tó wọ aṣọ àrà, mẹkáníìkì ya táyà àti ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá èèyàn dúdú lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà gbà pé a lè gbẹ́ igi, a lè hun aṣọ, a lè mọ ìkòkò. Àmọ́ pé kí aláwọ̀ dúdú mú búrọ́ọ̀ṣì, kó ya ojú èèyàn tó jókòó níwájú rẹ̀, kó sì jọ onítọ̀hún délẹ̀délẹ̀, wọ́n ní ìyẹn kọjá agbára wa. Ẹni tí àwọn onímọ̀ kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá wọn lóhùn ní Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá ni. Àìná Ọnàbolú ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1882 ni wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú Òde. Jonathan ni orúkọ bàbá rẹ̀, oníṣòwò sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn yìí lè máa rò ó pé báwo ni ọkùnrin ṣe ń jẹ́ Àìná, nítorí lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń fún ní orúkọ yẹn, tí ọkùnrin sì ń jẹ́ Òjó. Láàárín àwọn Ìjẹ̀bú, ọkùnrin náà ń jẹ́ Àìná. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló tún dùn mọ́ wa jù. Ọnà ló ṣáájú rẹ̀, ọnà tí à ń sọ nígbà tí a bá ń pe ẹnì kan ní oníṣẹ́ ọnà. Ìdílé tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ báyìí, bíi Ọnàbánjọ, Ọnàfọwọ́kàn àti àwọn míì, pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ ọnà ni orúkọ wọn sì ń tọ́ka sí. A ò lè sọ pé orúkọ ló ti ọmọ náà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá kúkú gbà pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ.

Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni Àìná nígbà tí ogun dé. Àwọn Ìjẹ̀bú ayé ìgbà náà kò fẹ́ àlejò nílẹ̀ wọn. Ọwọ́ wọn ni ọ̀nà tó lọ láti ọ̀sà sí àárín ilẹ̀ Yorùbá wà, èrè ọjà tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì ń wọlé fún wọn, wọn ò sì gbà kí àwọn ajíhìnrere ráyè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gòkè láti Èkó, wọ́n sì pàdé wọn ní Ìmàgbọn. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìbọn onípele tó ń yìn léraléra ló wà lọ́wọ́ òyìnbó. Ogun náà kò pẹ́ tó fi parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, ìjọ Kristẹni sì wọ Ìjẹ̀bú wìtìwìtì, ilé ìwé tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ máa ń gbọ́ ìtàn bí Faransé ṣe gba ìjọba Dahomey mọ Béhanzin lọ́wọ́, àkókò kan náà ni, ọdún kan náà ni ogun tiwọn ń lọ lọ́wọ́ ní apá ìsàlẹ̀ wa níbí.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí ilé ìwé tuntun wọ̀nyí gbà ni Àìná. Ibẹ̀ ló ti bá ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó pàdé, èyí tó ní àwòrán nínú. Àwọn ọmọ yòókù ń wò ó, wọ́n ń ṣí i kọjá. Òun ń gbé pépà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ya ohun tó rí. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà nínú ohun tí ilé ìwé ìgbà náà ń kọ́ ọmọ. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti Bíbélì ni. Kí ọmọ lè jẹ́ akọ̀wé, olùkọ́ tàbí ògbifọ̀ ló jẹ ìjọba àti ìjọ lógún. Àwa tí a kàwé lábẹ́ ètò tí Faransé fi sílẹ̀ mọ irú ẹ̀ dáadáa.

Ó kó lọ sí Èkó, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba bíi ti àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé nígbà náà. Ó ń jẹun lára iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwòrán ló ń gba àyè tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Èkó ìgbà náà kún fún àwọn ìdílé tí bàbá ńlá wọn ti oko ẹrú padà dé láti Sàró àti Brazil. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, aṣọ òyìnbó ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí àwòrán ara wọn wà lára ògiri. Ayàwòrán onífọ́tò ti wà lágbo wọn, ṣùgbọ́n fọ́tò ayé ìgbà náà kò ní ju dúdú àti funfun lọ. Kò lè fi àwọ̀ gèlè hàn, kò lè fi bí ara èèyàn ṣe ń dán hàn.

Ní ọdún 1906 ni Ọnàbolú ya Ìyáàfin Spencer Savage. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò tíì rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àwòrán kankan rí. Àwọ̀ tí a ń fi omi pò ló lò. Èyí le ju ọ̀dà lọ, nítorí bí ọwọ́ bá ṣi pépà, ó ti ṣì í nìyẹn, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Obìnrin náà jókòó nínú àwòrán yẹn bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ìtàn àwòrán yíyà ìgbàlódé ní Nàìjíríà, orí àwòrán yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kà.

Níbí ló yẹ kí a dúró díẹ̀, nítorí àwọn kan lè sọ pé àṣà òyìnbó ni ọkùnrin yìí kàn ń kó jọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Yíya ojú èèyàn kó jọ ọ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀wọ̀, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ ère tó tó onítọ̀hún lójú àti ní gíga, wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún un, wọ́n á sì ṣe ìsìnkú kejì fún un. Àkó ni wọ́n ń pè é. Bí ère náà kò bá jọ olóògbé, ojú á ti agbẹ́gilére. Ilé Ifẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ tí ojú wọn dà bí ojú èèyàn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Kó tó di ìgbà yẹn, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius ti dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní ti Olókun. Kàkà kó gbà pé èèyàn dúdú ló ṣe é, ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ kan ti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Irú èrò yìí gan-an ni Ọnàbolú ń bá jà ní Èkó. Bí a bá ṣe é, wọ́n á ní kì í ṣe àwa.

Nígbà tó di ọdún 1920, orúkọ rẹ̀ ti kàn láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó. Ọdún yẹn ló ya Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Ó dára kí a sọ ẹni tí Sapara jẹ́, nítorí ìtàn rẹ̀ kan gbogbo ilé tí wọ́n ti mọ Olóde. Dókítà ni, Freetown ni wọ́n bí i sí, ìdílé rẹ̀ sì ti Iléṣà wá. Nígbà tí ìgbóná ń pa èèyàn ní Èkó, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣànpọ̀nná lọ láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara aláìsàn láti fi kó àrùn náà ran àwọn tí ara wọn dá. Ohun tó sọ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló jókòó fún Ọnàbolú. Àwòrán náà kò jẹ́ kó dà bí ẹni tí òyìnbó rán níṣẹ́. Ó gbé e jáde bí èèyàn pàtàkì láàárín ìran rẹ̀.

Ní ọdún 1920 yìí kan náà ló kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì lórí iṣẹ́ ọnà, tó fi ṣàlàyé ìdí tí àwòrán yíyà fi ṣe pàtàkì fún àwọn èèyàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìgboyà rẹ̀ ti hàn jù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ronú ilé kíkọ́ àti oyè jíjẹ, òun lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé nílé ìwé àwòrán St John's Wood. Ó gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, èyí tó fi mọ ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Paris, ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán Faransé tó lókìkí gbà kọjá.

Kí ló lọ kọ́ gan-an? Ohun mẹ́ta ló ká a lára. Èkíní ni bí eegun àti iṣan èèyàn ṣe tò lábẹ́ awọ, kí apá má baà dà bí igi lára ẹni tó yà. Èkejì ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára nǹkan láti ẹ̀gbẹ́ kan tí òjìji sì ń ṣú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n ń pè ní perspective, òun ló sì gbajúmọ̀ fún jù. Ẹni tó bá ti dúró lójú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí rí, tó kọjú sí apá Kútọ̀nú tàbí apá Pàràkú, ti rí i láìmọ orúkọ rẹ̀. Irin méjèèjì jìnnà síra wọn ní ẹsẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń tọ̀ wọ́n lọ ni wọ́n ń súnmọ́ra, títí tí yóò fi dà bí ẹni pé wọ́n pàdé lọ́hùn-ún. Wọn ò pàdé o. Bí wọ́n bá pàdé ni, ọkọ̀ ì bá ti dànù tipẹ́. Òpó tó wà nítòsí ga, èyí tó jìnnà kúrú, bẹ́ẹ̀ gíga kan náà ni wọ́n. Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tó ga fíofío bí a bá dúró sídìí rẹ̀ kò ju àkìtàn lọ bí a bá ń wò ó láti ojú ọ̀nà jíjìn. Òfin wà tí ayàwòrán ń tẹ̀ lé láti gbé gbogbo èyí sórí aṣọ pẹlẹbẹ, tí ẹni tó ń wò ó yóò fi rò pé òun lè rìn wọnú rẹ̀. Òfin yìí ni Ọnàbolú kó wá sílé.

Ó padà dé Èkó ní 1922. Kò dá iṣẹ́ náà mọ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ń lọ láti ilé ìwé kan sí èkejì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán. King's College wà nínú wọn, CMS Grammar School náà sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí kò tíì gbọ́ ọ rí pé a ń kọ́ irú nǹkan báyẹn ní kíláàsì. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ ojú irin tí a sọ lókè yìí débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní Mister Perspective. Ó dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé kì í sọ olùkọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára.

Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ́ gbogbo ilé ìwé. Kódà kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni Ọnàbolú ti ń bá ìjọba fà á pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ àwòrán sínú ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tó dé, kò jáwọ́. Ó ní kí wọ́n mú olùkọ́ míì wá láti ìlú òyìnbó láti ràn án lọ́wọ́. Ìjọba gbà nígbẹ̀yìn, ní 1927 ni Kenneth Murray sì dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò rí bí Ọnàbolú ṣe rò. Murray fẹ́ràn ère wa, ìkòkò wa, aṣọ wa, ó fẹ́ràn wọn dénú. Ó gbà pé kò yẹ kí a kó òfin àwòrán òyìnbó lé ọmọ dúdú lórí, pé ohun tó wà nílẹ̀ baba wọn ni kí wọ́n máa yà, kí wọ́n máa mọ, kí wọ́n máa gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó tí ọmọ Yorùbá ní kó wá kọ́ wa ní àwòrán òyìnbó ṣe ń sọ pé ká dúró ti tiwa, tí ọmọ Yorùbá sì ń sọ pé ká kọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà yí orí padà.

Ta ló jàre? Àwa náà ti jiyàn lé e lórí láàárín ara wa ká tó kọ ìròyìn yìí. Murray ṣe ohun tí a kò lè gbàgbé. Òun ló lọ káàkiri Nàìjíríà tó ń kó ère àtijọ́ jọ kí wọ́n tó jẹrà tàbí kí wọ́n tó kó wọn lọ sókè òkun, akitiyan rẹ̀ sì wà nídìí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1957. Ẹni tó bá mọ iye ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ti kúrò ní agbègbè wa láìpadà yóò mọ ìtumọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọnàbolú ni àwa fà sí. Ó rọrùn fún ẹni tó ti ní gbogbo ìmọ̀ náà nílé láti sọ fún ẹni tí kò ní in pé kò nílò rẹ̀. Ní àkókò tí wọ́n ń sọ pé ọpọlọ èèyàn dúdú kò gbé nǹkan kan, ẹni tó bá kọ̀ láti kọ́ nǹkan náà kò lè já irọ́ yẹn. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n rí i, kó tó ní òun kò fẹ́ ẹ.

Ibì kan wà tí a ti lè bá Ọnàbolú wí o. Dókítà, ìyàwó ọlọ́lá, ẹni tó wọ aṣọ tó níyì, àwọn ni ojú wọn kún inú iṣẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀, alágbàfọ̀, ìyá aláta, wọn ò pọ̀ níbẹ̀. A mọ ìdí rẹ̀, àwọn olówó ló ń sanwó. Bákan náà, ẹni tó ń fẹ́ fi hàn pé ìran òun níyì kò ní mú ẹni tó wọ àkísà jókòó kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn wá díẹ̀ pé a kò rí ojú irú àwọn ìyá ìyá wa nínú àwòrán rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ òun àti Murray ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ben Enwonwu, ọmọ Ìgbò tó di gbajúgbajà káàkiri ayé, akẹ́kọ̀ọ́ Murray ni. Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, ojú ọ̀nà Ọnàbolú lòun tọ̀ ní tirẹ̀. Láṣekan tún mú iṣẹ́ náà dé ojú ìwé ìròyìn. Ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe, ó ń fi òyìnbó ṣẹ̀sín débi pé ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè wò ó kó rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí. Ọwọ́ tí wọ́n ní kò lè ya ojú èèyàn ló ń ya ojú gómìnà báyìí, tí gbogbo ọjà ń rí i.

Ní ìparí ọdún 1950 sí 1959, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Zaria kó ara wọn jọ. Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya, Uche Okeke àti Demas Nwoko wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí a mú èyí tó dára nínú ti òyìnbó àti èyí tó dára nínú tiwa, kí a pò wọ́n pọ̀. Ohun tí Ọnàbolú àti Murray fi ń ta ko ara wọn láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sọ di ọ̀kan. Ọnàbolú ṣì wà láàyè nígbà náà, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ti funfun, kò sì tíì gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ní 1955, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń ya àwòrán ojú èèyàn.

Ó rí òmìnira. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Dahomey tiwa gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Faransé, ní oṣù kẹwàá ni Nàìjíríà gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó rí ìgbà tí ìbọn òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú ní 1892 ló wà láàyè nígbà tí wọ́n ń sọ àsíá wọn kalẹ̀. Ọdún 1963 ló kú, ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ilé tí ìjọba Nàìjíríà ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní Ìgánmú ní Èkó ni wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tó máa ń kọjá sí Èkó ra ọjà, ilé ìṣeré ńlá tó dà bí fìlà ológun ló wà nítòsí rẹ̀, kò ṣòro láti béèrè.